Ọkùnrin Ojú Ewé Kọkànlá

Iyẹ̀pẹ̀ wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo tú u lórí tábìlì mi ní ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ ìjọ wa ní Ìlobù, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1957, nígbà tí ọyẹ́ ti mú kí ilẹ̀ gbẹ débi pé ó ń sán. Iyẹ̀pẹ̀ pupa díẹ̀ já bọ́ sórí tábìlì. Mo fi ìka kàn án. Ó tutù, bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà á létí odò.

Èmi Oyèwùmí ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà. Èmi náà ni mo máa ń dúró wàásù bí pásítọ̀ kò bá lè wá láti Òṣogbo. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, èmi ni ó ṣẹlẹ̀ sí, Olúwa sì ni ẹlẹ́rìí mi.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ mi, Mísì Rhoda, ló kọ ìwé ewì kan fún àwọn ọmọdé. Ewì nípa igi, odò, ẹyẹ, aláǹgbá àti kòkòrò ni. Òun fúnra rẹ̀ ló fi tàdáwà ya àwọn àwòrán inú rẹ̀. Ojú ewé kọkànlá ni ewì pẹ̀règún wà, àwòrán rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀: pẹ̀règún kan létí odò, lékeléke kan bà lé e. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà dé òpin, kò ya ènìyàn kankan sí i. Ní ẹ̀yìn ìwé, ó bẹ àwọn òǹkàwé pé kí wọ́n kọ èrò wọn ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ máa ń ka gbogbo lẹ́tà tó bá wọlé.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń dáko láàrin Ìlobù àti Ìfọ́n mọ ohun tí pẹ̀règún wà fún. Òun la fi ń pa ààlà. Ibi tí o bá ti rí i, ibẹ̀ ni oko tìrẹ parí sí.

Sùrájù, télọ̀ kan ní Ìfọ́n, ló kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ náà. Ó ní: "Ẹ̀yin ará Ìlobù, ẹ kú ọgbọ́n. Ìwé ewéko lẹ pè é tí mo fi rà á fún ọmọ mi, àṣé olè lẹ yà sínú rẹ̀. Ta ni ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀, tó kẹ́yìn sí wa, ní ojú ewé kọkànlá? Kí ló ń hú? Bí kò bá sí iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ yín, ẹ wá bá mi ká òwú."

Mo ṣí ìwé tèmi wò. Pẹ̀règún, odò, lékeléke. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bóyá abẹ́rẹ́ ti gún télọ̀ yìí lójú.

Lẹ́tà kejì ti ọwọ́ Mísì Stella wá, olùkọ́ ní Ìfọ́n, obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣeré. "Ọ̀gá, mo kí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kó ìwé yín lọ. Ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá ti nàró báyìí. Mo lẹ bébà mọ́ ọn kí àwọn ọmọ má baà rí i. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bébà náà ti rin gbindin, ó sì ti ya láti abẹ́ wá."

Ẹni kẹta ni Bùràímọ̀ tó ń ta obì ní Ìlobù níhìn-ín. "Mo rò pé irọ́ ni àwọn ará Ìfọ́n ń pa. Mo ra ìwé náà kí n lè rí ohun tí n ó fi bú wọn. Àwọn méjì ni èmi rí! Ọ̀kan ń hú pẹ̀règún, èkejì gbé agbọ̀n dání. Ẹni tó kọ ìwé yìí, kó má gba iwájú sọ́ọ̀bù mi kọjá mọ́."

Kí oṣù tó parí, lẹ́tà ti di mẹ́tàlélógún. Èébú ni gbogbo wọn. Ẹyọ ẹnì kan kò sọ bóyá ewì náà dùn tàbí kò dùn. Kò sì sí èyí tí mo tú nínú wọn tí iyẹ̀pẹ̀ tútù kò já bọ́ nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì mi wá ń run bí ebè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ.

Mo ránṣẹ́ pe Rhoda.

"Ta lo yà sí ojú ewé kọkànlá?"

"Mi ò ya ènìyàn síbẹ̀, sà."

"Ìwọ náà ń rí i bí?"

Ó wolẹ̀. "Mo ń rí i, sà. Mo rò pé ẹ̀yin náà ń rí i."

"Èmi ò rí nǹkan kan."

Ó gbójú sókè wò mí, ó sì tètè gbé ojú kúrò. Mo bi í pé níbo ló jókòó sí tó fi ya pẹ̀règún náà.

"Létí odò tó wà lọ́nà Ìfọ́n, sà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko yín." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àwòrán yẹn le láti yà. Bí mo bá ya pẹ̀règún náà síbi tó wà, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Ìgbà tí mo sún un díẹ̀ sápá Ìlobù ni ọwọ́ mi tó balẹ̀."

Mo ní kó máa lọ.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo gun àga ìwàásù. Mo wàásù nípa obìnrin Éńdórì tó pe òkú jáde fún Sọ́ọ̀lù. N kò dárúkọ Rhoda, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó wo ibòmíràn yàtọ̀ sí ibi tó jókòó sí. Lọ́jọ́ kejì, mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n sì sun gbogbo ìwé náà. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí òwúrọ̀ Sátidé.

Ìlobù wá, Ìfọ́n wá. Àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ kún. Rhoda jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan lóun nìkan, ó ká ọwọ́ lé itan. Ọ̀gbẹ́ni Ọládiípọ̀, alága ìgbìmọ̀, ń ka iye ìwé tí wọ́n mú wá.

"Ẹ wo àjẹ́ oníwèé!" Bùràímọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ó ya olè tán, ó tún ya agbọ̀n fún un!"

"Ẹ̀yin lẹ mọ olè yín," Sùrájù dá a lóhùn. "Apá Ìlobù ló ti gbé ẹrù rẹ̀ wá."

"Télọ̀, lọ rán ẹnu rẹ!"

"Kóo kọ́kọ́ san owó aṣọ tó o wọ̀ wá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọládiípọ̀ ṣá ìṣáná. Ìgbà yẹn ni ìyá arúgbó kan la àárín èrò kọjá, ó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó fún ìwé kan mọ́ abíyá. Ìyá Hàfúsátù ni, opó kan láti Ìfọ́n. Mo mọ̀ ọ́n. Ó tó ogún ọdún tí mo ti ń yà fún un lójú ọ̀nà.

"Ẹ má tíì dáná yẹn," ó ní. "Ọkùnrin yẹn ti kọjú sí wa láàárọ̀ yìí. Mo sì mọ̀ ọ́n. Adéjọbí ni."

Ìró ìwé tó ń ṣí ni mo ń gbọ́ káàkiri àgbàlá, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá wọ inú oko àgbàdo gbígbẹ. Ọládiípọ̀ wo tirẹ̀. Ìṣáná jó o lọ́wọ́, kò tiẹ̀ mọ̀.

"Ọlọ́run mi," ó rọra sọ ọ́. "Bàbá ọ̀gá ni."

Adéjọbí ni bàbá mi. Ó ti kú láti ọdún 1936. Mo ṣí ìwé tèmi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Pẹ̀règún, odò, lékeléke.

"Ọkọ mi ló ni oko etí odò yẹn," Ìyá Hàfúsátù ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, kò pariwo. "A jí lọ́jọ́ kan, a rí i pé pẹ̀règún tó fi pa ààlà ti ṣí wá sọ́dọ̀ wa, oko ti di ti Adéjọbí. Wọ́n pe ọkọ mi ní òpùrọ́. Ìbànújẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kó rí ọdún kejì. Yésúfù ọmọ mi ń fi ilẹ̀ onílẹ̀ dáko títí di òní. Ẹ wò ó bó ṣe ń hú wọn! Pẹ̀règún méje, ó hú gbogbo rẹ̀."

"Irọ́ ni!" Mo ti wà lórí ìdúró kí n tó mọ̀. "Mẹ́rin péré ni!"

Ọyẹ́ fẹ́, ó ń ṣí àwọn ìwé tó wà nílẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Mẹ́rin ni," ìyá náà ní. Ojú mi ló ń wò. "Ta ló sọ fún ọ, ọmọ Adéjọbí?"

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, lójú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi. Mo jẹ́wọ́ pé bàbá mi hú pẹ̀règún mẹ́rin, èmi ọmọ ọdún méjìlélógún ni mo gbé agbọ̀n, èmi ni mo sì gbẹ́ ihò tuntun tí a gbìn wọ́n sí. Mo ní kí wọ́n gba oko wọn padà. Mo gba ìwé tí mo kọ nípa Rhoda lọ́wọ́ Ọládiípọ̀, mo sì fà á ya.

Lọ́sẹ̀ kejì, èmi àti Yésúfù dá pẹ̀règún padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Ìyá Hàfúsátù gbé omi wá fún mi mu. Sùrájù kọ lẹ́tà mìíràn, iyẹ̀pẹ̀ kò sí nínú rẹ̀: "Ọkùnrin náà ti lọ. A ti wá ráyè ka ewì yín. Ti pẹ̀règún kò dùn rárá. Ti aláǹgbá sàn díẹ̀." Rhoda kà á, ó rẹ́rìn-ín, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ó ku ìwé tèmi. Níwọ̀n ìgbà tí èmi kò ti rí nǹkan nínú rẹ̀ rí, mo bẹ Rhoda pé kó bá mi wò ó. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ó ṣí i.

"Bàbá ti lọ, sà."

"Ògo ni fún Ọlọ́run."

"Èkejì ṣì wà níbẹ̀. Ó ti gbé agbọ̀n sílẹ̀. Ó gbé Bíbélì sókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ya ẹnu bí ẹni tó ń búra."

Ohun kan wà tí n kò jẹ́wọ́ rẹ̀ fún wọn ní àgbàlá ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ọkọ Ìyá Hàfúsátù pe bàbá mi lẹ́jọ́ ní kóòtù ìbílẹ̀, èmi ni ẹlẹ́rìí. Mo fi ẹnu ko Ìwé Mímọ́, mo sì búra pé ibẹ̀ gan-an ni pẹ̀règún wà láti ayé bàbá bàbá mi. N kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, n kò sọ ọ́ fún pásítọ̀ kankan. Orí ìbúra yẹn ni adájọ́ dúró lé.

Mo bi Rhoda pé ṣé ẹni náà ń wò ó.

"Rárá, sà." Ó rọra gbé ìwé náà lé tábìlì níwájú mi, kò pa á dé. "Ẹ̀yin ló ń wò."