Okùn Ọrùn Kẹ́ẹ̀gì

Òjò ń rọ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà kò wọ kóòtù rẹ̀. Ẹ̀rọ agégi ló fi kóòtù wé. Ó gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, omi ń kán láti irun rẹ̀ sílẹ̀, ó sì rọra gbé e sórí káńtà bí ìyá tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná wá sí ọsibítù. Obìnrin tó wà lẹ́yìn káńtà ń fi àkísà nu ọwọ́ tó dúdú fún gírísì. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo kóòtù náà, ẹ̀rín sì fẹ́ẹ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ọkùnrin náà ní mẹkáníìkì lòun fẹ́ rí. Obìnrin náà mú sípánà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀rọ náà, ìgbà tó tú nọ́ọ̀tì kẹta ni ojú ti àlejò.

"Ẹ má bínú," ó ní. "Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń gba owó ni."

"Mo ń gba owó náà. Ẹ jókòó, kẹ́ ẹ jẹ́ kí n wo ikùn ọmọ yín."

Ọkọ ẹ̀gbọ́n obìnrin yìí ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, Ọ̀gá ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹ̀rọ agégi ló kún ara ògiri, kékeré àti ńlá, a sì kọ iye owó sí ọrùn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wọ́n ju ti ẹ̀bá ọ̀nà lọ, torí pé wáráńtì wà nínú rẹ̀: bí ẹ̀rọ bá bà jẹ́ kí ọdún tó yí po, tí ẹ̀bi kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó, ilé iṣẹ́ tó ṣe é á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkùnrin wa ta alùpùpù rẹ̀ kó tó lè ra èyí tó tóbi jù. Ó ti gba iṣẹ́ pé òun á gé gbogbo igi etí títì márosẹ̀, kò sì fẹ́ ẹ̀rọ tó máa dójú ti òun. Oṣù mẹ́rin péré ló lò ó.

Mẹkáníìkì wa ṣí ẹ̀rọ, ó rí i pé písítìnì ti họ yíká. Ẹ̀rọ tí kò rí ọ́ìlì mu, èyí tí wọ́n ń pò mọ́ pẹtiróòlù rẹ̀, ló máa ń họ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n táǹkì ti gbẹ, kò sí epo tí wọ́n lè yẹ̀ wò, Ọ̀gá sì ráhùn títí kó tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n tún un ṣe. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni o. Ọ̀sẹ̀ méjì ni písítìnì tuntun máa fi dé.

Ojoojúmọ́ ni ọkùnrin náà ń wá béèrè. Lọ́jọ́ kejì ó mú búrẹ́dì dání. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ karùn-ún, kò rántí béèrè písítìnì mọ́. Ó ń pe obìnrin náà ní Dókítà, òun náà ń pè é ní Oníkóòtù. Ọkùnrin méjì ti sá fún obìnrin yìí rí nítorí pé ara rẹ̀ ń rùn fún pẹtiróòlù. Èyí gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní òórùn ilé àwọn gan-an nìyẹn. Kí ni obìnrin ń wá ju ìyẹn lọ? Ìfẹ́ wọ̀ ọ́ lára wẹ́rẹ́.

Oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe, ẹ̀rọ náà tún kú. Lọ́tẹ̀ yìí, táǹkì kún. Dókítà da epo inú rẹ̀ sínú ife onígíláàsì. Pupa ni ọ́ìlì tí wọ́n ń tà, epo tí a bá pò ó mọ́ gbọ́dọ̀ pọ́n díẹ̀. Eléyìí mọ́ bí omi. Ó gbé pẹtiróòlù, ọ́ìlì àti ìwọ̀n síwájú Oníkóòtù, ó ní kó pò ó kí òun rí i. Ó pò ó, ó pé géérégé, kò lé, kò dín. Dókítà wá béèrè ẹni tó tún ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà. Oníkóòtù sorí kọ́.

Bàbá rẹ̀ ni. Ogójì ọdún ni bàbá fi gé igi, kí igi kan tó wó lù ú ní ìdí, tí ojú rẹ̀ náà sì wá ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ rẹ̀: láràárọ̀, kí ọmọ rẹ̀ tó jí, á bu epo sí ẹ̀rọ, á gbé e sẹ́nu ọ̀nà dè é. Kẹ́ẹ̀gì méjì ló wà nílé, ìkan fún epo tí wọ́n ti pò, ìkan fún pẹtiróòlù lásán tí jẹnẹrétọ̀ ń mu. Bákan náà ni wọ́n rí lọ́wọ́. Ojú bàbá kò sì rí pupa mọ́.

"Kọ ọ́ pé láti ilé iṣẹ́ ló ti bà jẹ́ wá, Dókítà," Oníkóòtù bẹ̀ ẹ́. "Wọ́n á fún wa ní tuntun. Mà á gbé kẹ́ẹ̀gì kejì kúrò, Bàbá ò ní mọ nǹkan kan."

"Mi ò lè kọ ohun tí mi ò rí. Lọ sọ fún Bàbá."

"Tó bá gbọ́ pé òun ló pa ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì, kò ní fọwọ́ kàn án mọ́ láé. Kí ni yóò máa torí rẹ̀ jí?"

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, ọwọ́ Dókítà ti mú bírò. Ó wù ú kó kọ irọ́ náà. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni yóò wà nísàlẹ̀ ìwé, bí àṣírí bá sì tú, ilé iṣẹ́ á gba ọjà lọ́wọ́ Ọ̀gá. Ó gbé bírò sílẹ̀. Oníkóòtù yíjú padà, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó gbàgbé kóòtù tó fi wé ẹ̀rọ sórí àga.

Wọ́n lẹ káàdì pupa mọ́ ẹ̀rọ náà pé wáráńtì kò bò ó. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbé iṣẹ́ títì fún ẹlòmíràn. Oníkóòtù mú ayùn ọwọ́, ó ń bá àwọn èèyàn gé ẹ̀ka igi àgbàlá. Ẹ̀gbọ́n Dókítà ní ó kúkú dáa bẹ́ẹ̀, ta ló ń fẹ́ ọkùnrin tí kò níṣẹ́. Dókítà gbé kóòtù náà kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń wò ó lójoojúmọ́.

Lọ́sẹ̀ kẹta, bàbá arúgbó kan fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ kejì. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó ní ọmọ òun sọ fún òun pé ẹ̀rọ wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń fi í falẹ̀. Ó ní ọlọ́ṣà ni wọ́n. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì lé káńtà.

"Epo tí mò ń bù sí i nìyí. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò."

Dókítà kúnlẹ̀ kí i, ó sì da epo náà sínú ife. Ó mọ́ gaara. Ọ̀gá ń wò ó, oníbàárà méjì ń wò ó. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fún àwọn láyè díẹ̀. Nígbà tó ku àwọn méjì, ó jókòó ti bàbá.

"Àwọ̀ wo ló ní?" bàbá béèrè. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Kò ní àwọ̀ kankan, Bàbá."

"Èyí tó pa á nígbà àkọ́kọ́ ńkọ́?"

"Mo rò pé bákan náà ni, Bàbá."

Bàbá fa kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ sọ́dọ̀. "Ọmọ mi mọ̀?"

"Ó mọ̀."

"Ó wá jẹ́ kí n máa pe ọmọ ọlọ́mọ lólè." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ìwọ nìkan lo sọ òtítọ́ fún mi. Wá, ṣé mà á ṣì lè máa bù ú?"

Dókítà dìde. Ó gé okùn, ó so ó mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì tuntun kan, ó ta á ní kókó mẹ́ta. Ó po epo sínú rẹ̀, ó mú ọwọ́ bàbá, ó fi kan kókó náà. Ó ní èyí tó bá ní okùn lọ́rùn ni ti ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ó lọ tú písítìnì lára ẹ̀rọ àlòkù tí wọ́n ti pa tì sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó fi í sí ẹ̀rọ Oníkóòtù; kò sí wáráńtì níbẹ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì, Oníkóòtù dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, kò lè wọlé.

"Ẹ̀rù ló bà mí," ó ní. "Ó wá jẹ́ pé ìwọ ni mo ní kó o purọ́. Má bínú, olólùfẹ́ mi."

"Wá mú kóòtù rẹ," obìnrin náà sọ, ó sì ń sunkún.

Oṣù méjì ni bàbá fi bu epo náà, kò sì ṣì í lẹ́ẹ̀kan. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó bu epo tán, ó gbé ẹ̀rọ sẹ́nu ọ̀nà, ó padà lọ dùbúlẹ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ wọlé lọ kí i, kò dáhùn mọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú, Dókítà wá sílé náà. Ẹ̀rọ ṣì wà níbi tí bàbá gbé e sí, eruku ti bò ó. Ọkùnrin náà ti rù, irùngbọ̀n ti gba gbogbo ojú rẹ̀. Dókítà ní epo kì í pẹ́ nínú ẹ̀rọ kó má bà á jẹ́.

"Mi ò lè lò ó. Ọwọ́ Bàbá ló bù ú. Tó bá ti tán, ó ti tán nìyẹn."

"Bàbá ò bù ú kó lè dúró síbẹ̀."

Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Obìnrin náà dì í mú títí ó fi dákẹ́. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí igi gbígbẹ kan ti fara ti òrùlé, èyí tí bàbá ti ń ráhùn lé lórí láti ọdún tó kọjá. Ẹ̀rọ náà dún lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin náà gé igi náà lulẹ̀, ó ń gé e wẹ́wẹ́, títí ẹ̀rọ fi húkọ́ tó sì dákẹ́. Ó jókòó sórí ìtì igi.

"Ó tán," ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Fẹ́ mi, Dókítà. Mi ò níṣẹ́, mi ò ní bàbá. Ilé yìí àti ẹ̀rọ yìí ni mo ní."

"Lọ́la, wọ kóòtù rẹ, kó o lọ bá ẹ̀gbọ́n mi àti Ọ̀gá. Ohun tó o sọ fún mi yìí gan-an ni kó o sọ fún wọn. Má fi irọ́ kún un."

"Tí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́?"

"Èmi ti gbà."

Ọkùnrin náà dìde, ó wọlé lọ. Kẹ́ẹ̀gì méjèèjì wà ní igun ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó di ojú rẹ̀, ó fọwọ́ wá okùn náà títí ó fi kan kókó mẹ́ta, ó sì bu epo sí ẹ̀rọ fún iṣẹ́ ọ̀la.