Fìrí Kì í Ṣe Ilẹ̀kùn

Fìrí ni wọ́n ń pè é. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fà á. Bó bá ń kọjá, ẹ máa rí i fìrí, ó ti lọ nìyẹn.

Àárọ̀ Sátidé ni. Oòrùn ti yọ. Àwọn ọ̀rẹ́ Fìrí ti wà níta, wọ́n ń fo okùn. Pàì, pàì, pàì. Okùn ń na ilẹ̀.

Fìrí wọ bàtà kan. Kó tó wọ èkejì, ó gbọ́ ariwo ní kíṣìnnì.

Gbàrágàdà. Wòò. Jàn-án-ran-jan.

Ta ni ì bá tún jẹ́? Túká ni.

Túká ni àbúrò Fìrí. Kò tíì lè rìn. Kò tíì lè sọ̀rọ̀. Àmọ́ ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń rákòrò, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú nǹkan ká. Bó ṣe gba orúkọ nìyẹn.

Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà nísàlẹ̀ ní kíṣìnnì. Omi ti ba ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́. Ilẹ̀kùn náà jẹrà, ó já bọ́. Báyìí, kọ́bọ́ọ̀dù kàn lanu sílẹ̀ ni.

Ìkòkò wà nínú rẹ̀. Abọ́ wà nínú rẹ̀. Ife onígíláàsì wà nínú rẹ̀, nítorí kọ́bọ́ọ̀dù òkè ti kún. Túká fẹ́ràn gbogbo wọn pátá.

Ife kan fọ́ lánàá. Díẹ̀ ló kù kó gé Túká lọ́wọ́. Ẹ̀rù ba Màámi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Màámi ní aṣọ rẹpẹtẹ láti fọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù. Ó wo Túká. Ó wá wo Fìrí.

Fìrí ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kan òun.

"Fìrí, jókòó síwájú kọ́bọ́ọ̀dù yìí," ni Màámi wí. "Títí bàbá rẹ á fi ṣe ilẹ̀kùn tán, ìwọ ni ilẹ̀kùn."

Fìrí ní òun kì í ṣe ilẹ̀kùn. Màámi ní òun mọ̀, kó ṣáà jókòó.

Ẹ tiẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ọmọ ayé, èyí tí kì í lè jókòó yìí gan-an ni wọ́n sọ di ilẹ̀kùn.

Fìrí jókòó. Ó fẹ̀yìn ti kọ́bọ́ọ̀dù. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Bàtà wà ní ẹsẹ̀ kan, kò sí ní èkejì. Ó pòṣé.

Túká rá dé. Ó gba ọ̀tún. Fìrí sún sí ọ̀tún.

Túká gba òsì. Fìrí sún sí òsì.

Túká gba abẹ́ ẹsẹ̀. Fìrí tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀.

Túká bá gun ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹní gun àkàbà. Ó fi ìka mẹ́ta dì í nímú mú. Irú kí lèyí?

"Bàámi, ṣé ẹ ti ṣe ilẹ̀kùn tán?"

Bàámi dáhùn láti ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ó ku bọ́tìnnì."

Ẹ jẹ́ n sọ ti Bàámi fún yín. Aránṣọ ni. Kò sí aṣọ tí kò lè rán. Ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè aṣọ yín lọ́wọ́ rẹ̀, ohun kan náà lẹ máa gbọ́. Ó ku bọ́tìnnì. Aṣọ tí kò tíì fi sísọ́ọ̀sì kàn gan-an, á ní ó ku bọ́tìnnì.

Fìrí na ọrùn wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàámi ò tíì gé nǹkan kan. Ayùn ló ṣì ń wá.

Bàámi ní òun ò ní ra ilẹ̀kùn, òun ò sì ní pe káfíńtà. Kí ni wọ́n fẹ́ pe káfíńtà ṣe sí ilẹ̀kùn kékeré? Tábìlì àtijọ́ kan wà nílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Bàámi tú orí rẹ̀, ó rí pátákó méjì yọ. Ó ní ayùn. Ó ní òòlù. Ó ní ìṣó nínú agolo. Ó ní ó parí.

Bàámi fa téèpù tó fi ń wọn aṣọ yọ lọ́rùn. Ó wá síwájú kọ́bọ́ọ̀dù. "Ilẹ̀kùn, yàgò fún mi díẹ̀," ó wí.

Fìrí kò rẹ́rìn-ín. Ó yàgò. Túká ti mú ọmọrí ìkòkò kan kí ẹ tó ṣẹ́jú.

Bàámi wọn ìbú. Ó wọn gígùn. Ó padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí pátákó. Ayùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Hẹ̀rẹ̀, hẹ̀rẹ̀, hẹ̀rẹ̀.

Níta, okùn ń ṣe pàì, pàì, pàì. Nínú ilé, ayùn ń ṣe hẹ̀rẹ̀, hẹ̀rẹ̀, hẹ̀rẹ̀. Fìrí jókòó sáàárín, inú ń bí i.

Nígbà tó yá, Bàámi gbé ilẹ̀kùn dé. Fìrí fò dìde. Túká pàápàá gbójú sókè.

Bàámi ti ilẹ̀kùn sẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù. Kò wọlé.

Ó yí i. Kò wọlé.

Ó fi òòlù lù ú, gbàn, gbàn, gbàn. Kọ́bọ́ọ̀dù mì tìtì. Abọ́ ń pariwo nínú. Kò wọlé.

Màámi sáré wọlé, ọṣẹ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi Bàámi bóyá ó wọ̀n ọ́n. Bàámi ní òun wọ̀n ọ́n dáadáa. Ó ní òun kàn fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ ni, yíká yíká, kó má baà fún jù.

Màámi wò ó títí. "Bàbá Fìrí, ṣé ilẹ̀kùn náà máa sanra ni?"

Ẹ má bínú sí Bàámi jù. Aránṣọ kì í gé aṣọ ní rẹ́gí. Ó gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ sílẹ̀ tó máa ṣẹ́ sínú. Bí ọmọ bá dàgbà, wọ́n á tú u, aṣọ á tún gbà á. Ọwọ́ Bàámi ti mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n pátákó kì í ṣe aṣọ. Ta ló fẹ́ ṣẹ́ pátákó sínú?

Bàámi padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti gé àyè náà kúrò. Fìrí padà jókòó. Túká rá dé. Ó gba ọ̀tún. Ó gba òsì. Ó gba abẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ ti mọ ìyókù.

Hẹ̀rẹ̀, hẹ̀rẹ̀, hẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀kùn tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wọlé. Ó wọlé wẹ́rẹ́. Ó tilẹ̀ wọlé jù. Ó gba ẹnu kọ́bọ́ọ̀dù kọjá, ó ṣubú lé ìkòkò lórí, gbì.

Bàámi ti gé e jù. Túká pàtẹ́wọ́. Ilẹ̀kùn tó ń ṣubú dùn mọ́ ọn.

"Bàámi," ni Fìrí wí, "ṣé ó tún ku bọ́tìnnì?"

Bàámi ní pátákó kan ṣì kù. Fìrí ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má fi àyè kankan sílẹ̀. Bàámi ní òun ti gbọ́. Màámi tún un sọ fún un láti ẹ̀yìnkùlé. Bàámi ní òun ti gbọ́ o.

Hẹ̀rẹ̀, hẹ̀rẹ̀, hẹ̀rẹ̀.

Níta, ẹnì kan ké sí i. "Fìrí, ìwọ ló kàn." Fìrí ò lè dìde. Wọ́n dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọmọ mìíràn fò dípò rẹ̀. Pàì, pàì, pàì.

Omi lé sójú Fìrí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

Bàámi gbé ilẹ̀kùn kejì dé, ó ń súfèé. Ó tì í sẹ́nu kọ́bọ́ọ̀dù.

Kò wọlé.

Ẹ gbà mí. Bàámi tún ti fi àyè sílẹ̀. Ó ní òun kọ́, ọwọ́ òun ni. Òun ń sọ fún ọwọ́ pé kó má ṣe é, ọwọ́ ń ṣe é lọ. Màámi tún sáré wọlé, ó pòṣé kan tó gùn láti kíṣìnnì dé ẹ̀yìnkùlé.

Bàámi mú ayùn.

Fìrí wo ayùn. Ó wo pátákó. Kò sí òmíràn mọ́ nílé. Bí Bàámi bá tún gé e jù, ilẹ̀kùn ti tán nìyẹn. Fìrí ló máa jókòó síbí lónìí. Òun ló máa jókòó síbí lọ́la. Ó lè jókòó síbí títí Túká á fi lọ síléèwé.

"Bàámi, ẹ dúró. Ẹ má gé e mọ́."

Bàámi dúró. Ó ní bí òun ò bá gé e, kò ní wọnú kọ́bọ́ọ̀dù. Fìrí ní kí ló fẹ́ wọnú rẹ̀ ṣe?

"Ẹ wò mí, Bàámi. Ṣé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni mo jókòó sí? Iwájú rẹ̀ ni mo wà láti àárọ̀. Túká ò sì rí ibi gbà wọlé."

Bàámi wo Fìrí, ó wo pátákó. Ó gbé ayùn sílẹ̀.

Ó gbé pátákó síwájú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò tì í. Kò fi òòlù lù ú. Ó kàn gbé e lé e ni. Pátákó bo ọ̀tún. Ó bo òsì. Ó bo òkè, ó bo ìsàlẹ̀. Àyè tí Bàámi fi sílẹ̀ ló bò ó yíká.

Màámi nu ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ.

Bàámi kúnlẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá ti Fìrí dọ́gba. "Má bínú, ọmọ mi. Mo dá ọ dúró jù."

Fìrí ní òun ṣì ń bínú. Ó ní kí wọ́n ṣáà kan ilẹ̀kùn náà.

Iṣẹ́ wá yá. Pátákó àkọ́kọ́, èyí tó bàjẹ́, Bàámi là á tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ yí etí ilẹ̀kùn ká, ó sì kàn án, kó, kó, kó. Ó ní ìgbátí ni, bíi ti etí aṣọ. Ilẹ̀kùn tó ní ìgbátí, ẹ ti rí irú ẹ̀ rí? Ó sì dùn ún wò.

Fìrí fi sáńpépà ha gbogbo etí rẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, ṣẹ̀ẹ̀, kó má baà ha Túká lára. Eruku wọ̀ ọ́ nímú. Ó sín.

Híńjìsì ilẹ̀kùn àtijọ́ ṣì dára. Híńjìsì ni irin pẹlẹbẹ tó máa ń jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí kó sì padé. Màámi nu ìpẹtà ara rẹ̀. Bàámi kàn án mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Ó mú igi òwú tó ti tán, ó kàn án mọ́ òkè ilẹ̀kùn, ìyẹn di ibi tí wọ́n á máa dì mú. Ó tún kan igi kékeré kan mọ́ ara kọ́bọ́ọ̀dù. Bí wọ́n bá yí igi náà, ilẹ̀kùn ò lè ṣí. Ọwọ́ Túká ò sì tó o.

Bàámi fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kọ̀.

Ó kù díẹ̀ kí Màámi sunkún. Ó ní kí ló tún dé?

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Láti ìgbà tí Fìrí ti dìde, ta ló jókòó bí ilẹ̀kùn dípò rẹ̀? Kò sẹ́nì kankan. Túká wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó dé ìkòkò sórí. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn.

Màámi fà á jáde. Bàámi ti ilẹ̀kùn. Pọ́. Ó yí igi kékeré. Ó tán.

Túká rá lọ síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá ilẹ̀kùn. Pà, pà. Kò ṣí. Ó fi orí tì í. Kò ṣí. Ó yíjú wá Fìrí.

Fìrí dà? Ẹsẹ̀ kan ò tiẹ̀ wọ bàtà. Ó ti lọ.

Ó dé ìta. Afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i lójú. Wọ́n na okùn, ó kó sínú rẹ̀, ó fò. Pàì, pàì, pàì. Kò sẹ́ni tó pè é. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó. Ó fò títí inú rẹ̀ fi rọ̀.

Ó wá gbọ́ nǹkan.

"Ẹ́ẹ́ẹ́ẹ́."

Túká ni. Ó ti rá dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ó di etí ògiri mú, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ nà sí Fìrí.

Fìrí wo ilé. Màámi ń sá aṣọ. Bàámi ń sọ fún obìnrin kan pé aṣọ rẹ̀ ku bọ́tìnnì. Kò sẹ́ni tó ní kí Fìrí wá.

Fìrí pòṣé. Ó fi okùn sílẹ̀. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbé àbúrò rẹ̀. Túká wúwo. Ó dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ó fi orí lé e léjìká.

Fìrí gbé e jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, níbi tí okùn ò lè dé. Túká bu iyẹ̀pẹ̀, ó ń gbé e lọ sẹ́nu. Fìrí gbọn ọwọ́ rẹ̀. Ó tún bù ú. Fìrí tún gbọn ọwọ́ rẹ̀. Ọmọ yìí ò ní pa èèyàn.

Wọ́n na okùn. Fìrí fò, Túká pàtẹ́wọ́. Fìrí tún fò, Túká tún pàtẹ́wọ́, iyẹ̀pẹ̀ ń dà lọ́wọ́ rẹ̀. Fìrí ní wàhálà Túká ò lè tán láyé. Ó ní àmọ́ ó sàn, ìta ni àwọn méjèèjì wà.