Iná Tuntun Orí Ọkọ̀ Bàbá Ẹlẹ́yin

Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni Bàbá Ẹlẹ́yin máa ń di ẹrù rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa na kéréètì ẹyin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, òun náà a máa tò ó sẹ́yìn àti sórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tuntun sórí ẹní. Ó ti tó ọdún méjìdínlógún tó ti ń gbé ẹyin láti abúlé lọ sí ìlú, débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ orúkọ mìíràn tó ń jẹ́ mọ́.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.

"Ẹyin méjì lẹ ti fọ́ láàárọ̀ yìí," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Kí ló ń ṣe yín?"

Ó kọ́kọ́ fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́. Lánàá, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó kù díẹ̀ kó gbá bàbá arúgbó kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ lọ lẹ́bàá ọ̀nà. Kò sí iná lójú ọ̀nà, kò sí iná lára kẹ̀kẹ́, ẹ̀wù dúdú ló sì wà lọ́rùn bàbá náà. Ìgbà tí kẹ̀kẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan bọ́ńpà ló tó rí i.

"Bàbá yẹn tún juwọ́ kí mi o," ló wí. "Kò mọ̀ pé ikú ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ òun kọjá ni."

Ìyàwó rẹ̀ gbé kéréètì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí iná ọkọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀ o. Abèèrè kì í ṣìnà."

"Kí ni mo fẹ́ bi èèyàn? Ṣebí iná náà ni. Èyí tó bá mọ́lẹ̀ jù ni màá rà."

"Ó dáa o. Ẹ̀yin lẹ mọ ọkọ̀ ọ́ wà."

Ọ̀sán ọjọ́ náà ló yà sí ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Oríṣiríṣi iná ló so rọ̀ sára ògiri: róbótó, onígun mẹ́rin, olómi ìyeyè, funfun báláú. Bàbá Ẹlẹ́yin ò tíì jókòó tí ọlọ́jà fi fa ọ̀kan yọ lábẹ́ tábìlì. Ó gùn bí ọ̀pá ìgbálẹ̀, gílóòbù kéékèèké sì tò sára rẹ̀ bí eyín àgbàdo.

"Ọ̀gá mi, èyí là ń pè ní Ọ̀sán-Gangan. Ẹ wò ó!"

Ó tàn án. Ológbò tó sùn sórí káńtà fò dìde, Bàbá Ẹlẹ́yin fi ọwọ́ bo ojú. Kó tó ríran padà, ẹ̀rín ti gba ẹnu rẹ̀.

"Ṣé kò sí èyí tó jù ú lọ?"

"Ká má parọ́, kò sí."

Ọlọ́jà ò bi í irú ọ̀nà tó ń gbà, òun náà ò sì sọ. Ó gbé iná rẹ̀ relé, ó fi bóòtù dè é mọ́ òkè orí ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ó fa wáyà tààrà láti ìdí bátìrì. Abẹ́ ìjókòó ló gbé súìṣì rẹ̀ sí, nítorí pé ibẹ̀ ni wáyà gùn mọ.

Nígbà tó jáde ní ìdájí ọjọ́ kejì, inú rẹ̀ dùn débi tí kò lè sọ. Ó rí ehoro tó ń sáré kọjá lókèèrè réré. Ó rí ihò ojú ọ̀nà kí táyà tó dé ibẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí súfèé. "Háà, bí afọ́jú ni mo ti ń wakọ̀ láti gbogbo ọdún yìí wá!"

Kò pẹ́ tí ọ̀nà fi bẹ̀rẹ̀ sí dà gẹ̀rẹ́ lọ sétí odò. Kùrukùru ti bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ bámúbámú. Ìmọ́lẹ̀ orí ọkọ̀ lọ lu kùrukùru náà, ó sì ṣẹ́rí padà wá bá a lójú. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ta aṣọ funfun sí i níwájú. Kò rí ọ̀nà, kò rí etí ọ̀nà. Ó dín eré kù, ó tẹ bíréèkì.

Àfi bí iná ọkọ̀ kan ṣe yọ níwájú. Awakọ̀ ọ̀hún ṣẹ́ iná lẹ́ẹ̀kan, ó tún ṣẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀bẹ̀ ni, kò sí awakọ̀ tí kò gbọ́ èdè yẹn. Bàbá Ẹlẹ́yin yára yí iná iwájú ọkọ̀ láti fúùlù tó ń lọ jìnnà sí díìmù tó rẹlẹ̀, ṣùgbọ́n iná orí ọkọ̀ ò kú, torí súìṣì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ ìjókòó, ó ń táràrà. Kó tó kàn án, iná ọkọ̀ yẹn ti yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà, ó sì pòórá.

Ohun tó gbọ́ tẹ̀ lé e ni "gbàù!"

Bó ṣe dá ọkọ̀ dúró, kò mọ̀. Ó fò sílẹ̀. "Mo ti pààyàn. Mo ti pààyàn o." Ó sá wọ inú oko àgbàdo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ wà láàyè?"

"Mo wà láàyè, àmọ́ mi ò ríran!" Ohùn obìnrin ló dá a lóhùn. "Ta ló gbé oòrùn gun orí ọkọ̀?"

Awakọ̀ ilé ìwòsàn kékeré abúlé kejì ni obìnrin náà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìyá Wáyà ni tẹrú-tọmọ ń pè é, nítorí pé iṣẹ́ títún iná ọkọ̀ ṣe ló fi ogún ọdún ṣe kó tó di awakọ̀. Kò ṣèṣe. Agbẹ̀bí tó jókòó sẹ́yìn náà ò ṣèṣe. Ṣùgbọ́n táyà iwájú ti rì sínú kòtò, ẹnì kẹta sì wà nínú ọkọ̀: olùkọ́ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń rọbí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ láti ìrọ̀lẹ́, tí ọmọ kò wá. Ilé ìwòsàn ńlá tó sún mọ́ wọn jù ni wọ́n ń gbé e lọ, ọ̀nà ibi tí Bàbá Ẹlẹ́yin ti ń bọ̀.

"Màmá, màá ṣẹ́rí padà, màá gbé yín lọ," ló wí. Omi ti ń dà lójú rẹ̀.

"Kí lo kó?"

"Ẹyin ni."

Olùkọ́ yìí, nínú ìrora rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ, kí èmi náà má baà yé síbí."

Wọ́n kó kéréètì tó wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn jù sídìí àgbàdo, wọ́n tẹ́ olùkọ́ síbẹ̀, agbẹ̀bí sì gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ìyá Wáyà jókòó síwájú, Bàbá Ẹlẹ́yin sì yí ọkọ̀ padà. Wọn ò tíì lọ jìnnà tí òórùn rọ́bà tó ń jó fi gba inú ọkọ̀.

"Pa iná òkè yẹn!" Ìyá Wáyà pariwo.

Ó dá ọkọ̀ dúró, ó tẹ súìṣì. Súìṣì ti yọ́. Ìyá Wáyà bọ́ sílẹ̀, ó wé ìborùn mọ́ ọwọ́, ó ṣí iwájú ọkọ̀, ó sì fa wáyà náà tu kúrò ní ìdí bátìrì. Èéfín rú túú, ó dáwọ́ dúró. Kò sí fíùsì kan níbẹ̀ tí ì bá gé iná náà. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, gbogbo wọn ì bá jóná mọ́nú ọkọ̀.

"Iná gidi ọkọ̀ yìí wá dà?"

"Òun náà nìyẹn, Màmá. Kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀."

Ìyá Wáyà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka ra gíláàsì iná náà. Ẹrẹ̀ gbígbẹ ló bá níbẹ̀. "Ìgbà wo lo fọ èyí kẹ́yìn?"

Bàbá Ẹlẹ́yin fi ọwọ́ ara rẹ̀ ra ẹrẹ̀ náà wò. Ìyá Wáyà gba ike omi lọ́wọ́ agbẹ̀bí, ó fọ gíláàsì méjèèjì, ó sì fi ìborùn nù wọ́n. Ìmọ́lẹ̀ jáde sójú ọ̀nà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú.

"Fi í sí díìmù," ló wí nígbà tó padà jókòó. "Bí o bá tan fúùlù nínú kùrukùru, ara rẹ lò ń tàn án sí. Etí ọ̀nà ni kó o máa wò. Ibi tí ojú rẹ ríran dé, ibẹ̀ ni kí eré rẹ mọ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ kùrukùru. Ojúmọ́ ń là bọ̀ nígbà tí wọ́n wọ ilé ìwòsàn ńlá.

Lórí bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá Ẹlẹ́yin ò lè jókòó, kò lè dúró. Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, ó sì rò ó fún un. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ má ì tíì wakọ̀ o. Mò ń bọ̀." Àfi bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí, tí agbẹ̀bí yọjú.

"Obìnrin ni. Ó ti ké, gbogbo ilé ló gbọ́. Ìyá rẹ̀ ń béèrè oúnjẹ."

Ara Bàbá Ẹlẹ́yin rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń nu ojú. "Màmá, ẹ foríjì mí."

"Ẹ̀rù ló bà ọ́ tí o fi ra iná," Ìyá Wáyà dá a lóhùn. "Ìyẹn ò burú. Àṣejù ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Dìde ńlẹ̀, àbúrò mi. Lọ́jọ́ Sátidé, màá wá wo ọkọ̀ yẹn."

Ó wá lóòótọ́. Kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi í: "Irú ọ̀nà wo lò ń gbà?"

"Ó tẹ́jú, ó sì gùn gbọọrọ. Lẹ́yìn náà ló kan àfonífojì tó ní kùrukùru yẹn."

"Ó dáa, oríṣi méjì lo nílò. Fún ibi tó gùn, iná ọ̀nà jíjìn méjì, tí ìmọ́lẹ̀ wọn tín-ínrín tó sì lọ jìnnà. Fún kùrukùru, òjò àti eruku, iná tó fẹ̀ tó sì kúrú, tí a máa dè sísàlẹ̀ lábẹ́ bọ́ńpà. Kùrukùru kì í sábà nípọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ á gbà yọ́ wọlé. Olómi ìyeyè ni mo fẹ́ràn, torí kì í fi bẹ́ẹ̀ gún ojú awakọ̀. Ti orí ọkọ̀ yẹn, inú oko ló dáa fún, kì í ṣe ojú títì."

Ìyàwó Bàbá Ẹlẹ́yin, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, bi í léèrè pé, "Wáyà ńkọ́, Màmá? Òun ló fẹ́ pa yín."

"Ọ̀rọ̀ rèé. Fíùsì ni olùṣọ́. Bí iná bá ti fẹ́ pọ̀ jù nínú wáyà, òun ni yóò kọ́kọ́ kú, kí ọkọ̀ má baà jó. Ríléè ló máa gbé ẹrù iná tó wúwo, kí súìṣì kékeré má baà yọ́. Màá sì so iná ọ̀nà jíjìn mọ́ fúùlù: bí o bá ti yí i sí díìmù, gbogbo wọn á kú lẹ́ẹ̀kan náà. O ò ní táràrà mọ́."

Wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù papọ̀. Ọlọ́jà gba Ọ̀sán-Gangan padà, ó fi èyí tó yẹ rọ́pò rẹ̀, ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé láti ọjọ́ náà lọ, òun yóò máa bi oníbàárà nípa ọ̀nà kí òun tó dárúkọ iná. Nígbà tí wọ́n dé ilé, Ìyá Wáyà de àwọn iná náà, ó fa wáyà wọn pẹ̀lú fíùsì àti ríléè, ó sì ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ kọjú sí ògiri lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ó ní kí wọ́n di ẹrù sí i pẹ̀lú.

"Gbogbo ẹyin yìí?" Bàbá Ẹlẹ́yin figbe ta.

"Gbogbo ẹ̀. Bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, ìdí ọkọ̀ á wálẹ̀, imú rẹ̀ á gbé sókè, iná náà á sì gbójú sókè. Iná tí o bá tò nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, ojú ẹlòmíràn ló máa lọ bá tí o bá dẹrù."

Ó yí bóòtù díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ ara ògiri fi rẹlẹ̀ sí ibi tó yẹ.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ìyàwó Bàbá Ẹlẹ́yin bá a gun ọkọ̀ ní ìdájí. Ọ̀nà tẹ́jú níwájú wọn, wọ́n ń rí i kedere. Bí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ sínú kùrukùru, ó yí fúùlù sí díìmù, ó tan iná ìsàlẹ̀, etí ọ̀nà sì hàn ketekete. Nígbà tí wọ́n jáde kúrò nínú kùrukùru, tó sì tún tan fúùlù, bọ́ọ̀sì kan yọ. Bàbá Ẹlẹ́yin yí i sí díìmù lẹ́ẹ̀kan, gbogbo iná ńlá kú. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà ṣẹ́ iná kí i, ó sì kọjá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Mo ti di ilẹ̀kùn mú láti ìgbà tá a ti sọ̀ kalẹ̀," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n jọ̀wọ́ ẹ̀ wàyí."

Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọ̀nà tó ṣókùnkùn, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Kí ẹ tó ra iná kún iná, ẹ fọ gíláàsì èyí tí ẹ ní, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tò ó bó ṣe yẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìdajì ìṣòro ti parí nìyẹn. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà ni kí ẹ fi yan iná, kì í ṣe bó ṣe ń kọ mọ̀nà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ fa wáyà rẹ̀ pẹ̀lú fíùsì àti ríléè, kí ẹ sì béèrè ohun tí òfin ibi tí ẹ wà gbà láàyè. Kò sí iná tó lè gba ẹni tó ń sáré ju ibi tí ojú rẹ̀ tó lọ. Bí ẹ bá sì rí iná ọkọ̀ mìíràn níwájú, ẹ tètè dín tiyín kù. Ẹni tó ń bọ̀ yẹn ní ibi tó ń lọ, àwọn kan sì ń dúró dè é níbẹ̀.