Kí Lo Fẹ́ Fi Ìkookò Ṣe?

"Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ kẹ́yìn sí i, ẹ má sì sọ̀rọ̀."

Ohun tí Àǹtí máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá ra ajá lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn tó dúró nínú àgbàlá láàárọ̀ Sátidé yẹn wo ilẹ̀, ó wo ṣòkòtò funfun tó wọ̀, ó ní, "Èmi? Nílẹ̀ẹ́lẹ̀?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó jókòó, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Kí àwọn ará àdúgbò lè máa bẹ̀rù mi."

"Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì. Fọ́tò kì í jẹun."

Kíákíá fọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín má baà bú jáde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n Àǹtí ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Láti ìgbà tó ti mọ ẹsẹ̀ rìn ni kì í ti í rọra ṣe ohunkóhun, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Kíákíá nìyẹn. Gbogbo Sátidé ló máa ń wá gbálẹ̀ ilé àwọn ajá, á fọ abọ́ wọn, á ya irun wọn. Ajá tí Àǹtí ń sìn kì í ṣe ajá lásán. Etí wọn nà ró ṣánṣán, ẹyinjú wọn rí bí oyin, irun wọn nípọn, ẹsẹ̀ wọn gùn. Téèyàn bá pàdé ọ̀kan nínú igbó, á ti ké "ìkookò" kó tó rántí pé ajá ni.

Ọkùnrin náà jókòó, ó kẹ́yìn. Eérú, ajá ọmọ ọdún kan tí irun rẹ̀ rí bí eérú àdògán, rìn wá, ó gbóòórùn ẹ̀yìn rẹ̀, ó yí padà, ó lọ sùn.

"Kò yàn yín, sà," ni Àǹtí wí. Oníṣòkòtò funfun gbọnra nù, ó bínú lọ.

Ìyá Agbẹ̀bí ló tẹ̀ lé e. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ojú rẹ̀ ṣì dá ṣáká.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, mà?"

"Ọdún mélòó ni mo fi sáré tọ àwọn aboyún kiri! Wọ́n wá ní kí n lọ sinmi. Orí gbà, ẹsẹ̀ ò gbà. Mo fẹ́ ẹni tó máa bá mi rìn fún wákàtí méjì láràárọ̀, tí kò ní ráhùn. Mo tún gbọ́ pé irú wọn kì í tètè fẹ́ràn èèyàn, pé tó bá wá fẹ́ràn ẹ, ó parí. Bí èmi náà ṣe rí nìyẹn."

Ó jókòó, ó dákẹ́. Kò pẹ́ tí Eérú fi gbé imú lé e léjìká. Wọ́n fàdéhùn sí aago mẹ́rin, pé ìgbà yẹn ló máa padà wá mú un.

Kíákíá wo aago. Ìdí ni pé láti oṣù mẹ́ta ló ti ń fọ́nnu ní kíláàsì pé òun ló ni ìkookò kan. Géńdé, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ ò ní bíréèkì, ti ní, "Ìkookò ẹnu lásán. Mú un wá sí pápá ní Sátidé, ká rí i." Tí Eérú bá lọ ní aago mẹ́rin, orúkọ tuntun Kíákíá ti di Elékèé nìyẹn títí wọ́n fi máa jáde ìwé.

Àǹtí gbé báàgì. "Mò ń lọ gba káàdì abẹ́rẹ́ Eérú lọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Má mú ajá kankan jáde. Ṣé o rántí pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ìyá Eérú máa bí lóṣù tó ń bọ̀ di tìẹ?"

"Mo rántí, mà."

Ariwo géètì ò tíì rọlẹ̀ tí Kíákíá fi nawọ́ gán okùn Eérú.

Nígbà tó wọ pápá, bọ́ọ̀lù dúró. Gbogbo wọn sáré wá, fóònù lọ́wọ́. Géńdé fẹ̀yìn rìn lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Mo túúbá, ọ̀gá mi." Fún ìṣẹ́jú mẹ́ta gbáko, Kíákíá ni ọba pápá.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ojú ìkookò ni Eérú ní, kò ní ojú ọjà. Irú ajá bẹ́ẹ̀ máa ń sá fún àjèjì ni. Ó ti ki ìrù bọ àárín ẹsẹ̀, etí rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ orí. Ẹnì kan súfèé, fíìì! Eérú fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orí rẹ̀ yọ kúrò nínú okùn, ó fo wáyà ọgbà, ó di inú koríko gíga ẹ̀yìn ilé ìwé.

Kíákíá sáré, Eérú sáré. Kíákíá pariwo orúkọ rẹ̀, Eérú fi kún ìrìn. Aago mẹ́ta ààbọ̀ lù.

"Wọ́n ní ẹni da eérú leérú ń tọ̀," Géńdé ń mí hẹlẹhẹlẹ, "tìẹ ò mà tọ̀ ẹ́. Lọ sọ pé olè ló fo ògiri wọlé. Ta ló máa mọ̀?"

Irọ́ náà dùn lẹ́nu bí ṣúgà. Ibẹ̀ ni fóònù ti dún. Àǹtí ni.

"Ilé Eérú ṣófo."

Kíákíá ronú kan ọmọ ajá tí wọ́n ṣèlérí fún un. Ó ní, "Èmi ni mo mú un jáde, mà. Mo fẹ́ fi ṣe fáàrí. Ó ti já mọ́ mi lọ́wọ́, ó wà nínú koríko ẹ̀yìn ilé ìwé."

Àǹtí ní, "O sì ń lé e."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Kí ni mo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà?" Ó pa fóònù.

Kíákíá jókòó sílẹ̀ nínú koríko, ó kẹ́yìn sí ajá, ó dákẹ́. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe láyé, kò sí èyí tó le tó o. Èèrà gun ẹsẹ̀ rẹ̀, kò mira. Àwọn tó wà lẹ́yìn wáyà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó yá àwọn náà dákẹ́. Koríko dún ṣàà. Ó tún dún, ó sún mọ́ ọn sí i. Èémí gbígbóná kan bà á lọ́rùn, imú tútù sì tẹ̀ lé e.

Bí Àǹtí àti Ìyá Agbẹ̀bí ṣe bá wọn nìyẹn, tí Eérú gbórí lé Kíákíá léjìká.

"Ẹ má bínú, mà," ló sọ fún Ìyá Agbẹ̀bí. "Díẹ̀ ló kù kí n sọ ọ́ nù mọ́ yín lọ́wọ́."

"O ò kúkú purọ́," ni ìyá náà wí. "Ìyẹn ló jẹ́ ká mọ ibi tá a máa wá ọ sí."

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. "Kí lo fẹ́ fi ìkookò ṣe?"

"Kí wọ́n lè máa wò mí, mà."

"Oníṣòkòtò funfun náà wí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ajá oṣù tó ń bọ̀ kì í ṣe tìẹ mọ́."

Ó dùn ún wọra, àmọ́ kò jiyàn. Láti Sátidé tó tẹ̀ lé e ló ti ń bá Ìyá Agbẹ̀bí àti Eérú rin ìrìn wákàtí méjì, kò sì ya fọ́tò kankan. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó yé yín: ẹni tó bá fẹ́ nǹkan torí ojú ayé, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ayé máa fi wò ó. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, òtítọ́ sì ni ọ̀nà àbùjá tó ń gbé wa padà tá a bá ti ṣìnà.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyá Eérú tún bímọ. Àǹtí pe Kíákíá sí àgbàlá, ó ní, "Ó yá, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Kíákíá ò lanu. Ó jókòó sílẹ̀, ó sì kẹ́yìn.