Igi Méjì, Ohùn Kan

Kọ́, kọ́, kọ́. Ehoro sún òòlù onígi rẹ̀ síwájú díẹ̀, ó tún kan igi. Kọ́, kọ́. Ó sún un dé abẹ́ ibi tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi máa ń jókòó sí, ó kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i.

Pò.

Ọmọbìnrin náà dúró. Kò sẹ́ni tí yóò sọ ọ́ fún. Ìsọ̀ bàbá rẹ̀ ṣófo láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tí òrùlé ti ń jò. Ẹ̀wù iṣẹ́ bàbá náà ń fì lórí ìṣó bí ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀. Ó tún kàn án, bóyá òun ló ṣì í gbọ́. Pò.

Ọmọ ọmọ mi ni Ehoro. Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní ìnagijẹ yẹn nítorí etí rẹ̀: omi ò ní tíì hó tán nílé kejì tí yóò ti gbọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni lọ́dún tí mò ń wí yìí. Ìyá rẹ̀ ti kú láti kékeré rẹ̀. Bàbá rẹ̀, tí í ṣe ọmọ mi, ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe, àwọn onífáíbà wọ̀nyí tó ń dán, tó ń fi ẹ́ńjìnnì sáré. Ẹ wò ó, dídán yẹn ń tanni jẹ. Lábẹ́ ibi tí èrò ń tẹ̀, igi gbọọrọ mẹ́rin ló nà láti iwájú dé ẹ̀yìn, tí wọ́n fi fáíbà wé bí ìgbà tí èèyàn fi aṣọ wé ọmọ tuntun. Àwọn ni eegun ọkọ̀. Bí omi bá rí ihò abẹ́rẹ́ gbà wọlé sí wọn lára, igi á máa jẹrà nínú aṣọ rẹ̀. Ojú ò ní rí i. Etí nìkan ló lè rí i.

Ìdí nìyẹn tí ọmọ mi fi máa ń kọrin sí ọkọ̀. Èmi ni mo ni orin ọ̀hún. Òun ni mo fi ń wá a kiri ilé nígbà tó wà lọ́mọdé, tó bá lọ sá pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àfi bó ṣe dàgbà tó sọ ọ́ di orin iṣẹ́. Á kọrin, á kan igi, igi á gbè é:

Ṣé o wà níbẹ̀? Kọ́.
Ṣé o ò tíì lọ? Kọ́.
Ṣé o lè gbé mi? Kọ́, kọ́.

Igi tó bá dáhùn ní "pò," kò sí níbẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Lọ́dún yẹn, àkàbà yẹ̀ lẹ́sẹ̀ ọmọ mi, ó ṣubú, eegun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Ọsibítù tó lè tò ó jìnnà, ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Èmi ni mo bá a lọ. Ehoro nìkan ló kù sílé, pẹ̀lú ọkọ̀ kan ṣoṣo tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí. Ọkọ̀ Nọ́ọ̀sì ìlú wa ni. Òun ni obìnrin yẹn fi ń sọdá sọ́dọ̀ àwọn ìyá ọmọ tó wà lódìkejì omi, tó fi ń lọ wọn ọmọ wọn, tó fi ń lọ fún wọn lábẹ́rẹ́. Bàbá Ehoro ti pààrọ̀ igi mẹ́ta kó tó ṣubú. Ó ku ẹyọ kan, ti apá òsì, tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì.

"Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá lo ti ń bá mi ṣe é," bàbá rẹ̀ wí kí wọ́n tó gbé e lọ. "Kàn án dáadáa. Bó bá yè, dé ilẹ̀ ọkọ̀ padà. Bí kò bá yè, gé e kúrò."

Gígé ń gba ọjọ́. Wọ́n á la fáíbà, wọ́n á họ igi tó ti jẹrà jáde, wọ́n á jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ, wọ́n á gbẹ́ igi mìíràn, wọ́n á sì tún un wé. Èèyàn méjì ló máa ń ṣe é, tí wọ́n á máa yọ ara wọn lẹ́nu. Ehoro ò rí ẹni tó máa yọ òun lẹ́nu. Ó ń jẹun lórí ìdúró. Ó máa ń kí ilé pé "ẹ kú ilé" bó bá wọlé, á sì tún fúnra rẹ̀ dáhùn.

Ọ̀sán tó gbọ́ "pò" yẹn náà ni ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan yọjú sí ìsọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Ó di imú nítorí òórùn oje tí wọ́n fi ń lẹ fáíbà.

"Ehoro, o tún ń bá igi sọ̀rọ̀."

"Òun ló ń dá mi lóhùn."

"Ọ̀la la ń lọ ìrìn àjò wa o. Ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo kíláàsì. Tí o ò bá wá, àpò mi ni màá gbé jókòó sí àyè rẹ. Àpò mi gan-an mọ eré ṣe jù ọ́ lọ."

"Iṣẹ́ ò tíì parí."

"Kí ló kù?"

"Igi kan. Ibi tó bàjẹ́ ò ju apá mi lọ."

"Ṣé á hàn síta?"

Ehoro wo ọkọ̀. "Kò lè hàn."

"Ó ti parí nìyẹn," Ẹlẹ́rìn-ín wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn tó lọ, ìsọ̀ náà tún wá dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ehoro po oje mọ́ oògùn tó ń mú un dì, ó gbé fáíbà tuntun lé orí igi tó ti jẹrà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó ṣe gbẹ, ó ń dán gbinrin. Ó lẹ́wà ju èyí tí bàbá rẹ̀ ṣe lọ. Ohun tó dun ọmọ náà jù nìyẹn lẹ́yìn náà.

Ìrọ̀lẹ́ ni bàbá rẹ̀ ní kí n bá òun pè é. Kò lè yíra padà, èmi ni mo gbé fóònù tì í létí.

"Ehoro mi, ṣé o ti kan ti òsì?"

"Mo ti kàn án, Bàbá."

"Gbé fóònù sún mọ́ ọn kí n gbọ́. Kọ́kọ́ kan ti ọ̀tún."

Kọ́, kọ́. Èmi náà gbọ́ ọ níbi tí mo jókòó sí.

"Ti òsì ńkọ́?"

A gbọ́ tó sún fóònù. Lẹ́yìn náà: kọ́, kọ́.

Ọmọ mi fajú ro. "Tún un kàn."

Kọ́, kọ́.

"Ó dáa. O ṣé, ọmọ mi. Dé e."

Bí mo ṣe gba fóònù, mo rí i tó ti ìka bọ etí, tó ń yí i bí ẹni tí omi wọ̀ létí. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Kò sí nǹkan, Màámi." Láti ọjọ́ náà, bí mo bá dá orin, kò gbè mí mọ́. Mo rò pé ìrora ni.

Ehoro bá kíláàsì rẹ̀ lọ. Ariwo ń sọ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, àmọ́ gbogbo ibi tí táyà bá ti bọ́ sí kòtò, "pò" ló ń gbọ́. Ó ní òun ò dá nìkan wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé òun, láàárín ogójì èèyàn.

Ọjọ́ Sátidé, Nọ́ọ̀sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ jáde. Ní agbedeméjì omi, nọ́ọ̀tì tó de ẹ́ńjìnnì fà tu nínú igi tó ti rọ̀ bí ìwé tí òjò pa. Ẹ́ńjìnnì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kú. Láti àárọ̀ di ọ̀sán ni obìnrin náà fi ń gbọ́n omi nínú oòrùn, òun nìkan, kí apẹja kan tó fi okùn fà á. Lódìkejì, àwọn ìyá ọmọ dúró títí, wọ́n pọn ọmọ wọn padà sílé.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ló wá sí ìsọ̀. Kò pariwo.

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ṣì wà ní ọsibítù, mà."

"Mi ò ní sọ fún un. Ara rẹ̀ ò tíì yá. Ó jọ pé àgbà ti ń dé sí i, iṣẹ́ náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Màá gbé ọkọ̀ mi lọ bá ẹlòmíràn ni."

Bí Ehoro bá dákẹ́, ó ti bọ́. Bàbá rẹ̀ ni yóò ru ẹrù náà, kò sì ní mọ̀ pé òun rù ú. Ọmọ náà wo ilẹ̀, ó wo ẹ̀wù tó wà lórí ìṣó.

"Kì í ṣe àwọn, mà. Èmi ni. Mo gbọ́ pé ó ti jẹrà, mo bò ó mọ́lẹ̀."

Nọ́ọ̀sì bi í pé, "Ọjọ́ mélòó lo máa fi tún un ṣe?"

"Ọjọ́ mẹ́fà."

"Ta ló máa bá ọ ṣe é?"

"Èmi nìkan ni, mà."

"Èmi nìkan náà ni mo wà lórí omi. Lọ ṣe é."

Ó la fáíbà dídán tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́. Òórùn aṣọ tí kò gbẹ jáde sí i. Ìkúnwọ́ ìkúnwọ́ ló ń bu igi náà jáde, dúdú, rírọ̀. Ó gé e títí dé ibi tí igi ti yè, ó jẹ́ kí ó gbẹ, ó gbẹ́ tuntun, ó wé e yípo, kò fi ihò abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹfà, ó pè wá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ti ọ̀tún." Kọ́, kọ́. "Ẹ wá gbọ́ ti òsì." Ká, ká. Ohùn igi tuntun, tín-ínrín, tó ń dún gooro.

Ọmọ mi kò mira. "Èwo la wá gbọ́ lọ́jọ́sí?"

"Ti ọ̀tún ni, Bàbá. Lẹ́ẹ̀mejèèjì."

Mo rò pé yóò bú u. Ó tẹjú mọ́ àjà.

"Igi méjì kì í ní ohùn kan," ó wí. "Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìwọ lo kàn án, nítorí náà mo ní etí mi ló kú. Ó di ọjọ́ mọ́kànlá tí mo ti dùbúlẹ̀ síbí, tí mò ń rò ó pé iṣẹ́ ti parí fún mi."

A gbọ́ ẹkún ọmọ náà nínú fóònù. "Kọrin sí i," bàbá rẹ̀ wí.

Ó kọ ọ́ pẹ̀lú ohùn ẹkún. Ṣé o wà níbẹ̀? Bàbá rẹ̀ gbè é láti orí bẹ́ẹ̀dì, kọ́, èmi náà gbè é, àwọn aláìsàn sì ń wò wá bí ẹni pé orí wa ti dàrú.

Ẹ̀yin ọmọ, ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àmọ́ ìrì yẹn kì í wó o lé ẹni tó mọ ọ́n nìkan. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé yín, bí ẹ bá purọ́ fún un, ara rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ máa fura sí. Nítorí náà, bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá kàn yín, ẹ jẹ́ kó gbọ́ ohùn yín gan-an, kódà bó jẹ́ "pò." "Pò" ṣeé gé kúrò.