Ìlà Kékeré Lára Òkúta

Irúgbìn elégédé ló mú Lenora Pruitt mọ Dale Hostetter. Olùkọ́ ìtàn kan lọ bímọ ní ìparí oṣù Kẹwàá, wọ́n sì mú Lenora wá láti dípò rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìlú kékeré kan ní Ohio. Halowíìn, ọjọ́ tí àwọn ọmọdé ń múra bí àjẹ́ tàbí iwin láti gba súìtì, ku ọ̀la. Ó yọjú sí yàrá ìṣirò láti tọrọ bírò pupa, ó sì bá ọkùnrin gíga kan tó ti ọwọ́ bọ inú elégédé títí dé ìgbọ̀nwọ́, tí àwọn ọmọ kíláàsì keje pagbo yí ká.

"Ẹ wọlé, Mìs Pruitt. Irúgbìn mélòó lẹ rò pé ó wà nínú eléyìí?"

"Igba."

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni," ni Dale wí. "Súìtì ti bọ́ lọ́wọ́ yín."

"Ẹ fún mi láǹfààní kejì, ẹ jọ̀ọ́."

"Ó di Halowíìn ọdún tó ń bọ̀."

Wọn kò lè dúró di ìgbà náà. Kí yìnyín tó bo ìlú, wọ́n ti jọ ń jẹun ọ̀sán. Dale kò fi pamọ́ fún un pé ìyàwó òun, Carla, ni àrùn jẹjẹrẹ pa ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Dale máa ń jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń ṣi orin kọ, ọkàn Lenora sì balẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí kò ṣe balẹ̀ rí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ní, "Àyànfẹ́ mi, fẹ́ mi." Lenora ní òun gbà.

Bàbá rẹ̀ tí í ṣe alàgbà ìjọ mi orí. "Ọmọ mi, ọkùnrin tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni. Ṣé ó dá ọ lójú pé àyè rẹ wà nínú ilé yẹn?"

"Ó dá mi lójú, Dádì."

Lenora, tí ilé-ẹ̀kọ́ ti gbà síṣẹ́ pátápátá, ló mú àbá ẹ̀kọ́ Halowíìn ọdún kejì wá. Àwọn ọmọ yóò wọ aṣọ Halowíìn wọn lọ sí itẹ́ òkú ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ní apá àtijọ́. Olúkúlùkù yóò yan òkúta ibojì kan, yóò fi ọdún ìbí yọ kúrò nínú ọdún ikú, yóò sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà ayé ẹni náà. Ìdáhùn tó bá tọ̀nà, súìtì kan.

"Ẹ wo oṣù o," ni Dale ń tẹnu mọ́ bó ṣe ń rìn láàárín wọn. "Bí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kò bá tíì pé lọ́dún tó kú, ẹ yọ ọ̀kan. Ẹ má fún òkú ní ọdún tí Ọlọ́run kò fún un."

Ọmọ kan tó múra bí àjẹ́ àti òmíràn tó múra bí dáínósọ̀ ń du òkúta ibojì ológun kan. "Ìwọ dáínósọ̀, ìran tìrẹ ti kú tipẹ́," ni àjẹ́ wí, "lọ wá tìrẹ níbòmíràn." Lenora ṣì ń rẹ́rìn-ín wọn nígbà tí Kelsey, ọmọbìnrin tó wọ aṣọ tí wọ́n ya egungun sí, dé láti apá tuntun. Atẹ́gùn ló gbé ìwé rẹ̀ lọ síbẹ̀.

"Tíṣà, ṣé Ọ̀gbẹ́ni Hostetter ti kú ni?"

"Ṣebí ìwọ náà ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán yẹn."

"Orúkọ wọn wà lára òkúta. Wọ́n kọ ọjọ́ ìbí wọn, wọ́n wá fa ìlà kékeré kan, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́?"

Lenora tẹ̀ lé e. Òkúta dúdú tó ń dán ni. Carla wà lápá òsì, ọdún rẹ̀ méjèèjì pé. Lápá ọ̀tún ni Dale wà: ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Karùn-ún, 1970, ìlà kékeré kan, àti òfìfo.

"Má yọ ọ́," ni ó wí. "Lọ yan òmíràn."

Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ lọ sílé, ó bá Dale ní yàrá ìṣirò, ó ní òun ti rí òkúta náà.

"Mo ti ń fẹ́ sọ fún ọ," ni Dale wí.

"Ìgbà wo? Nígbà tí mo bá wọ aṣọ ìyàwó tán?"

"Ọjọ́ tí a sin ín ni wọ́n gbẹ́ tèmi mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí."

"Mo mọ̀. Ìyẹn kò ní kó má dùn mí, Dale. Níbo ni èmi yóò sùn? Lẹ́sẹ̀ yín?"

"Màá ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ mi kúrò lọ́jọ́ Ajé. Ìwọ ni mo fẹ́, olólùfẹ́ mi."

Inú Lenora dùn, ìdùnnú náà sì bà á lẹ́rù díẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, ó yà wo òkúta náà lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ó bá Verna, ìyá Carla, tó kúnlẹ̀ tó ń ṣa ewé gbígbẹ.

"Ẹ káàsán, mà."

"Ìwọ ni Lenora. Jókòó, mi ò ní bá ọ jà. Dale ti sọ fún mi pé wọn yóò gbẹ́ orúkọ òun kúrò." Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ rẹ̀. "Láti kékeré ni Carla ti ń bẹ̀rù òkùnkùn. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ṣì ń wá sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Nígbà tó ń kú lọ, ó ní, 'Dale, má jẹ́ kí n dá sùn síbẹ̀.' Dale gun bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn tòun ti bàtà, ó dì í mú, ó sì ṣèlérí. Èmi ìyá rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibojì bàbá rẹ̀ ní abúlé wa ni wọn yóò sin mí sí. Ta ni yóò wá dúró tì í?"

Ó wu Lenora kó sọ pé ẹni tó sùn nínú Olúwa kì í bẹ̀rù òkùnkùn. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́ ni ẹnu ń gbà sọ fún ìyá tó sin ọmọ. Ó kúnlẹ̀, ó bá a ṣa ewé.

Nígbà tó délé Dale, ó ní, "Jẹ́ kí orúkọ rẹ wà níbẹ̀."

Ojú Dale ṣú. "O ò fẹ́ mi mọ́ nìyẹn?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Carla ni kó ni ibojì rẹ. Ọjọ́ tó bá kù kí wọ́n tó kọ ọdún kejì sẹ́yìn ìlà yẹn, èmi ni mo ni ín. Má fún ẹlòmíràn."

Dale sunkún, ó gbé orí lé èjìká rẹ̀.

Wọ́n ṣègbéyàwó ní oṣù Kejìlá. Bàbá Lenora mú un wọ ṣọ́ọ̀ṣì, Verna sì jókòó ní ìjókòó iwájú.

Ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì ni Ọlọ́run fún wọn. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kejì, 2019, Dale ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ dúró. Lenora rò pé ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti so okùn bàtà ni. Nígbà tí agbẹ́kùúta béèrè ọjọ́ tí òun yóò kọ, Lenora fúnra rẹ̀ ló pè é fún un. Wọ́n sin ín sí ọ̀tún Carla. Verna di ọwọ́ Lenora mú létí ibojì. "O ṣé, ọmọ mi," ni ó wí. Lenora dá lọ sílé.

Nígbà tí Halowíìn dé, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní kí wọ́n fo ẹ̀kọ́ itẹ́ òkú lọ́dún náà. Lenora ní rárá. Ọmọbìnrin kan tó dé fìlà àjẹ́ mú ìwé rẹ̀ wá bá a.

"Tíṣà, Ọ̀gbẹ́ni Hostetter ni mo yàn. Ṣé kò burú?"

"Kò burú."

Ó wo ìwé náà. Mọ́kàndínláàádọ́ta ni ọmọ náà kọ. Lenora mú bírò pupa, kò sì lè kọ nǹkan kan. Ó wù ú kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Wo oṣù," ni ó wí níkẹyìn.

Ọmọ náà wo òkúta, ó ka oṣù lórí ìka, ó pa nọ́ńbà náà rẹ́. Méjìdínláàádọ́ta.

Lenora sàmì sí i pé ó tọ̀nà, ó sì fún un ní súìtì kan.