Oògùn Tí Jemimah Kò Rà

Jemimah fara ti ògiri ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì kan ní Arámọkọ, ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù kí bọ́ọ̀lù parí. Bí wọn kò bá ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé ẹgbẹ́ tó ta tẹ́tẹ́ lé, owó tí bàbá rẹ̀ fún un yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Kò tíì mí kanlẹ̀ tí bọ́ọ̀lù fi wọlé. Owó ti lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n rán an sì wà lórí pẹpẹ lọ́ọ̀ọ́kán, kò lè rà á.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, kò sì sí ẹni tó mọ ìṣirò tó o ní kíláàsì wọn. Dorcas ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi tẹ́tẹ́ orí fóònù hàn án. "Ìwọ tó mọ ìṣirò báyìí, o kàn ń fìyà jẹ ara rẹ ni." Jemimah jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó fi ra bàtà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ó fi owó oúnjẹ ta á, ó fi owó ìwé ta á, títí ó fi kan owó oògùn.

Nígbà tó délé, ó ní, "Bàbá, oníkẹ́míìsì ní oògùn yín ti tán. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Kò burú, ọmọ mi." Àwọn méjèèjì péré ló kù nínú ilé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Bàbá kò fura sí i rí.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, gbogbo ìjọ dìde láti kọrin, bàbá Jemimah kò lè dìde. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣeé gbé. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

"Ta ló jẹ́ kí oògùn tán lọ́wọ́ bàbá yìí?" ni Nọ́ọ̀sì Àtinúkẹ́ tó gbà wọ́n níbẹ̀ béèrè.

Bàbá fi ẹnu wíwọ́ náà sọ̀rọ̀: "Ẹ má bá ọmọ mi wí o. Oníkẹ́míìsì ni... kò ní."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Jemimah ju ìgbájú lọ. Ó kúnlẹ̀ gbì. "Irọ́ ni mo pa, Bàbá. Mo fi owó oògùn ta tẹ́tẹ́."

Bàbá wò ó títí, ó yíjú sí ògiri.

Nọ́ọ̀sì fa Jemimah jáde. "Mo ti ta lọ́tò rí," ló wí. "Mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi nítorí rẹ̀."

"Àǹtí, báwo lẹ ṣe bọ́? N kò lówó dókítà."

"Ohun tí mo ṣe kò ná mi ní kọ́bọ̀. Mo sọ fún ẹnìkan, mo gbé owó mi lé e lọ́wọ́, n kò sì gba iwájú onílọ́tò kọjá mọ́. Bó bá ń ṣe ọ́ bíi kí o ta, máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Kì í pẹ́ tó fi ń rọlẹ̀."

Lójú rẹ̀ ni Jemimah ti ti akáǹtì tẹ́tẹ́ náà pa. Ó fi fóònù rẹ̀ ṣe pààrọ̀ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì. Ó gbé owó oògùn lé Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ló sì ń ra oògùn bàbá láti ìgbà náà. Síbẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Jemimah yá fóònù Dorcas, ó sì fi ta tẹ́tẹ́. Ẹkún ló sun dé ilé ìwòsàn.

"Ta ló rán ọ wá jẹ́wọ́?" ni Nọ́ọ̀sì béèrè.

"Kò sẹ́ni."

"Nígbà náà, o ti ń gbádùn. Dìde, kí á tún bẹ̀rẹ̀."

Kò tún ta mọ́. Nígbà tí bàbá ti padà sílé, Jemimah ló ń ro oko lẹ́yìn ilé ìwé, bàbá a sì jókòó lórí àpótí, yóò máa júwe ebè fún un. Lọ́jọ́ kan, Jemimah ju ọkọ́ sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí."

Bàbá fi ọwọ́ òsì gbé ọwọ́ ọ̀tún sórí itan. "Mo ti foríjì ọ́ tipẹ́, Jemimah. Ọwọ́ mi ni kò tíì gbọ́."

Jemimah mú ọkọ́ rẹ̀, ó ń roko lọ, omijé ń bọ́ sórí ebè. Ó ti yé e wàyí pé ohun tí ènìyàn kò fi ta tẹ́tẹ́ gan-an ni tẹ́tẹ́ máa ń gbà lọ. Ẹni tó bá sì ti kó sí i, kó tètè wí fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, kí ara ẹlòmíràn tó san gbèsè náà.